Ta Ló Pọnmi?

Aago mọ́kànlá ti kọjá, Apáké ti panu mọ́,
jẹnẹrétọ̀ ilé Bàbá Télọ̀ nìkan ló ń wúkọ́.
Mo ṣí iṣẹ́ tí Oyèníran fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́:
ìdánwò tó ń sáré fúnra rẹ̀,
tí kì í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni.
"Ẹ̀gbọ́n, ó yege," ló kọ síbẹ̀.
"Ẹ bá mi tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n lọ sùn."

Lóòótọ́, ó yege.
Àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀
bí oko àgbàdo lóṣù Òkúdu.

Dẹ́rẹ́bà tí à ń wí yìí kì í wakọ̀ lọ Ìlọrin.
Ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jókòó sí,
ẹrù ń wọlé wìtìwìtì,
ó ń pín in fún ọpọlọ mẹ́jọ inú ẹ̀rọ,
ìwọ gba tìrẹ, ìwọ gba tìrẹ,
kí ọrùn kan má baà wọ́.
Oyèníran rán ẹgbàárùn-ún ẹrù wọlé,
ó kà wọ́n lódì kejì, wọ́n pé ẹgbàárùn-ún.
Ẹyọ kan ò dín. Ó ní ó parí.

Mo ní kí n yẹ ọpọlọ wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èkíní: ẹgbàárùn-ún.
Èkejì: òdo.
Ẹ̀kẹta ń sùn.
Ẹ̀karùn-ún, bóyá ló mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.
Àgbá omi ẹ̀yìnkùlé wa
ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n ló sọ sí mi lọ́kàn.
Màmá á ti ọsibítù dé, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn,
á ṣí ìdérí, á tọwọ́ bọ inú rẹ̀:
"Ó kún. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi."
Àwa márààrún á sì jọ dáhùn.
Kò béèrè ta ló pọn ọ́n.

Morádékẹ́ ló pọn ọ́n.
Òṣùká ti jẹ irun àtàrí rẹ̀,
àwa mẹ́rin wà lábẹ́ máńgòrò
à ń ju òkúta sókè.
Ọdún méje ni ìdánwò Màmá fi yege.

Mo kọ̀wé sí Oyèníran:
Má ka àpapọ̀. Ka ohun tí oníkálùkù gbé.

Mo tún wò ó, ojú tì mí díẹ̀,
nítorí mo ti ń bú dẹ́rẹ́bà nínú mi,
dẹ́rẹ́bà kò sì jẹ̀bi.
Gbogbo ẹrù náà, ẹnìkan ló fi wọ́n ránṣẹ́
sí ẹnìkan náà;
ilẹ̀kùn kan ló sì yẹ kí wọ́n gbà,
kí "ó dàbọ̀" má baà ṣáájú "ẹ kú ilé" wọlé.
Wá igba ènìyàn láti ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀,
kí o tó mọ̀ bóyá ó mọ nǹkan án pín.

Màmá náà, bí mo ṣe ń rò ó,
orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń pè láàárọ̀.

Má sì béèrè ọgbọọgba, mo fi kún un.
Bí ọ̀kan gbé ẹgbẹ̀rún tí òmíì gbé ẹgbèje,
jẹ́ kó lọ, bí ìpín ṣe ń rí nìyẹn.
Ẹni tó gbé òdo ni kí o pariwo lé lórí.

Aago kan òru, ó fèsì:
"Mo ti ń ka oníkálùkù, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pupa."
Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀.
Ìdánwò tí kò lè kọ̀, ẹ̀rín lásán ni.
Ọ̀la la ó wá igba ènìyàn. Lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe Morádékẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́.
Ó ní, kí ló ṣẹlẹ̀ tó o fi tètè pè báyìí?
Mo ní kò sí.
Mo ní, ọrùn rẹ ńkọ́?
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọrùn wo?"