Sí Talátù, Ọmọlangidi Yàrá Ìdánrawò

Talátù la sọ ọ́, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo dé;
Rìfíkátù ló sọ ọ́, bí wọ́n ti ń sọmọ nílé wọn ní Zuba.
Rọ́bà ni ọ́. Apá ọ̀tún rẹ ò bá ọ dé Sùléjà.
Ẹnu rẹ là sílẹ̀
bí ẹni tí NẸ́PÀ mú iná lọ mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Méjìdínlógóje ni wá, ìwọ nìkan ni aláìsàn.
Àádọ́ta ni ìjọba fàyè gbà;
a gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a sanwó tán.
A gún ọ títí itan rẹ fi ń jò.
Pírínsípà wá ní kí oníkálukú ra ọsàn wá.
Ọsàn la gún lábẹ́ dógóyárò,
síríńjì kan fún ènìyàn mẹ́wàá.
A gún un tán, a bó o, a mu ún:
ebi kì í ka òfin ìmọ́tótó.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá wà o.
Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Pírínsípà,
Pírínsípà wà ní Kàdúná.
Owó ìdánwò, owó aṣọ funfun, owó ìdàgbàsókè.
Kí ló dàgbà?
Ewúrẹ́ máígádì nìkan ni mo rí tó ń tóbi.

Ìyá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán.
Alaalẹ́ ló ń pè: “Nọ́ọ̀sì mi, ìwé ń lọ?”
Mo ní ó ń lọ. Irọ́ kọ́.
Ó ń lọ; èmi ni n ò mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá,
bẹ́ẹ̀dì méjìlá sáré dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù,
wọ́n fi téèpù lẹ apá mọ́ ọ,
apá ọkùnrin, ó dúdú jù ọ́ lọ.
Wọ́n wò ọ́, wọ́n wo ìrẹsì, wọ́n buwọ́ lùwé.
Kílẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀dì ti padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.
Apá náà já bọ́ lóru. Mo gbọ́.

Talátù, èyí n ò sọ ọ́ fún ìyá mi.
Ní kílíníìkì abúlé kan lẹ́yìn Dikko, nígbà ọyẹ́,
obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ò dá.
Ó gbóná. Ó ń làágùn. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.
Ìwọ ò dì mí mú rí.
Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé sá lórí mi.
Màmá Àsàbé tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀
ló gba ọwọ́ mi, ó gbé e lé ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀:
“Pò ó níbí, má ṣàánú, títí yóò fi le bí lèmó.”
Mo pò ó. Ó rọ̀, ó rọ̀, ó ṣì rọ̀,
àfi lójijì, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi,
ọsàn.

Orúkọ àádọ́ta jáde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.
Tèmi ò sí níbẹ̀. Ti Rìfíkátù ò sí.
Pírínsípà ní ká fi sùúrù san ti ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn obìnrin Gwari ń kọjá níwájú géètì,
igi ìdáná lórí èjìká wọn;
wọn kì í fi orí rẹrù.
Ọdún méjì ni mo fi ń wò wọ́n.

Rìsíìtì mẹ́rìndínlógún wà nínú báàgì mi.
Lọ́la, kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó kún, a ń lọ sí Àbújá.
Ìwọ náà ń lọ, Talátù, bí o ṣe wà, láìlápá.
Èjìká la ó fi gbé ọ.