Àwọ̀ Ẹ̀yìn

Fóònù ni wọ́n fi yà á, wọ́n gbé e dúró lóòró;
fídíò wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn àbáwọlé,
òkùnkùn dúró lọ́tùn-ún, ó dúró lósì.
Bàbá wà láàárín, ó ń tú àwọ̀n tó lọ́,
ó ń bú ẹni tó ń yà á.

Ní Tvøroyri, aago méjì òru, òjò ń na fèrèsé.
Marjun tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: *àwọ̀ ẹ̀yìn*.
Ó gbé funfun síbẹ̀: ilé ìwòsàn.
Ó gbé pupa: iná ń jó Bàbá.
Ó gbé àwọ̀ ewé. Heini rẹ́rìn-ín lórí fóònù:
“Ìgbà wo ló fẹ́ràn koríko rí?
Fi dúdú sílẹ̀ jàre. Ọ̀la la ó sin ín.”

Kò dá a lóhùn.
Ó mú irinṣẹ́ tí í fa àwọ̀ mu,
ó fi kan etí ọkọ̀, níbi tí ọ̀dà ti ń bó:
aró tó ti ṣá, tó fẹ́ẹ̀ di eérú,
èyí tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ pò nínú garawa
lọ́dún tí ẹja wọ́n.

Ó tàn kúrò lára ọkọ̀, ó kún ojú dígí.
Ọkọ̀ ò mọ ibi tó parí sí mọ́.
Bàbá ṣì ń bú ẹni tó ń yà á.
Marjun ni.