Ilé Ti Sinmi

Kí oòrùn tó yọrí lẹ́yìn àpáta n'Ísànlú
ìkíni á ti kún ọ̀nà mi:
Okun o. Okun o, tíṣà.
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń dá wọn lóhùn,
ọwọ́ ọ̀tún wà ní ìbàdí,
ó ń wá ibi tí okun náà gbà lọ.

Àga kíláàsì mi kò ga ju orúnkún lọ.
Káfíńtà tó kàn án, ọmọdé ló wọ̀n,
kò sẹ́ni tó wọn èmi.
Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ń ká kò bí ẹní,
tí mo ń tú, tí mo tún ń ká.

Ọmọ mẹ́tàlélógójì.
Aago mẹ́jọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀:
ikun imú, ìdọ̀tí ẹnu, ṣọ́ọ̀kì tó já bọ́.
Okùn bàtà ni mo ń so,
okun ara mi ló ń tú.
Jọláadé tọ̀ sára, mo gbé e.
Ọmọ Ìjàgbẹmí fẹ́ wo ẹyẹ lójú fèrèsé, mo gbé e.
Táyé ní kí n gbé òun, mo gbé e.
Kẹ́hìndé ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí.
Mo gbé e.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan l'Ẹ́gbẹ̀ bi mí:
Ṣé oko lẹ̀ ń lọ ni, Mà?
Rárá.
Àbí ẹ̀ ń ru yanrìn fún bíríkìlà?
Rárá o. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń kọ́.
Ó rẹ́rìn-ín.
Ó kọ Panadó sínú káàdì,
ó ní n má bẹ̀rẹ̀ mọ́, n má gbé ohun tó wúwo.
Mo dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú báàgì mi nílẹ̀.

Jẹ́lé-ó-sinmi.
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ò purọ́, ilé ti sinmi.
Ìyá Jọláadé ti wọ oko kajú láti ìdájí,
bàbá ìbejì ti gun ọ̀kadà dé ọ̀nà Kábà,
ìyá àgbà jókòó ti ẹ̀pà tó ń pa,
kò sẹ́ni tó ń fa ìró rẹ̀.
Àdúgbò kó ariwo rẹ̀ jọ,
ó dì í, ó gbé e pọ̀n mí.

Ọ̀gá fẹ́ rí ìwé ètò ẹ̀kọ́ kó tó di Jímọ́ọ̀.
Owó oṣù wọlé, ìdajì ni.
Ìdajì yòókù, wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja.
Ẹ̀yìn mi ńkọ́?
Odindi ni wọ́n gbà.

Lálẹ́, ọmọ mi obìnrin fi òrí ra mí nídìí.
Ó ní, Màámi, eegun yín ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.
A rẹ́rìn-ín, ó dùn mí dé egungun ìhà.
Olúrẹ̀mílẹ́kún ni bàbá mi sọ mí.
Mélòó ni mo ti rẹ̀ lẹ́kún?
Èmi náà mọ ẹkún ún sun,
mo kàn máa ń dúró kí àtùpà kú ná.

Lánàá, mo jókòó sílẹ̀ láàrin wọn,
n kò lè dìde.
Mo di ìdí mú, mo ní, Yéè.
Wọ́n rò pé eré ni.
Ọmọ mẹ́tàlélógójì di ìdí mú,
gbogbo wọn ní, Yéè.
Ó dọ́gba, ó já gaara
ju a, b, d tí mo ti ń kọ́ wọn láti Oṣù Kẹsàn-án.

Kẹ́hìndé nìkan ni kò ṣe é.
Ó wá síwájú mi, ó na ọwọ́ kékeré:
Àńtí, ẹ jẹ́ n gbé yín.

Mo fún un lọ́wọ́.
Kì í ṣe pé ó lè gbé mi.
Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ
bí mo ti wúwo tó.