Òṣómàáló Ara Ògiri

Ọdún tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé ilé-ìwé wa n'Íléṣà,
a bọ́ bàtà ká tó wọlé lọ wò ó.
Yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ tútù, kọ́kọ́rọ́ méjì,
aṣọ funfun tí wọ́n dà bò ó bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.
Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ má mí sí i lára."
Àwa olùkọ́ mẹ́tàdínlógún
mú èémí dání bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn.

Ayárabíàṣá ni wọ́n pè é.
Mo rò pé n ó máa rí i bó bá ń bọ̀,
torí adìyẹ a máa rí òjìji àṣá
kó tó kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́.

Èyí kò ní òjìji.
Ó wọlé bí ọyẹ́ ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Ó wà nínú fóònù, ìyẹn yé mi.
Ó wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ọlọ́búrẹ́dì Ẹrẹ́jà fi ń gba káàdì,
nínú agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí kò nílò ẹni tó ń fa okùn mọ́,
nínú aago ọwọ́ tí Ìbídùn fi ránṣẹ́ láti Mánṣẹ́sítà,
tó ń ka ẹsẹ̀ mi láti yàrá dé ilé ìdáná
bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti yá ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mítà ara ògiri ni mo fẹ́ sọ.
Bàbá bàbá mi kiri aṣọ dé Ìlọrin, ó dé ilẹ̀ Tápà.
Òṣómàáló ni.
Yóò gbé aṣọ fún ọ láwìn;
bí ọjọ́ àdéhùn bá pé,
kí àkùkọ tó kọ, ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Àmọ́ ó mọ orúkọ ọmọ rẹ.
Bí o bá se iṣu, á bá ọ jẹ níbẹ̀,
á bi ọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́.
Ìgbà mìíràn, iṣu yẹn á di ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Èyí tó lóṣòó sára ògiri mi kì í jẹ iṣu.
Ó gbowó tán kó tó gé aṣọ.
Ogún òǹkà ni mo ń tẹ̀ sí i,
bí ọ̀kan bá ṣì, ó di kí n tún un tẹ̀.
Mo ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, fún mi dọ̀la."
Ó ké pí, pí, pí,
ó tì mí mọ́ inú òkùnkùn.

Òru Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ,
inú òkùnkùn náà ni mo sùn lọ sí, lórí àga.
N ò mọ nǹkan kan.
Aago ọwọ́ mi mọ̀.
Ó gbọ́ pé àyà mi ń sáré láìsí ẹni tó ń lé e,
ó sọ fún Ìbídùn lókè òkun
kó tó sọ fún èmi tí mo ni àyà.
Ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà, gbà.
"Ta nìyẹn?"
Ògúnṣàkin jórinjórin ni, ti ojúlé kejì.
"Tíṣà, wọ́n ní àyà yín ń sáré."
"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"
Ó dákẹ́. Kò mọ orúkọ tó yẹ kó dá.
Mo ní kó máa lọ sùn, ara mi le.
Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ró kó
bó ṣe lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
"N ò lọ o, títí ẹ ó fi ṣílẹ̀kùn."

Ọjọ́ kẹrin ni mo ti Wẹ́sílì dé.
Mo se iṣu, Ògúnṣàkin bá mi jẹ.
Òun ló bá mi tẹ ogún òǹkà náà,
ìka rẹ̀ dúdú fún èéfín irin.
Iná dé. A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.
Nígbà tó lọ, mo bọ́ aago sórí tábìlì,
mo fi áńkáṣíìfù funfun bò ó,
kí n lè rí ibi tó wà.