Asẹ́ Òkun ní Ọ̀kẹ̀sà

Àpótí gíláàsì méjì ló wà ní pálọ̀ wa ní Iléṣà:
tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ti Bọ̀ọ̀dá Ọ̀ṣúntúyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Omi kànga ni tèmi.
Ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà tí mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn kó nínú odò,
fóòmù tí mo gé lára bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó,
èédú díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé.
Ìdọ̀tí a dé, fóòmù a gbá a mú.
Ní Sátidé, omi inú àpótí náà ni mo fi ń fọ̀ ọ́,
n kì í fi ọṣẹ kàn án,
torí àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú ò rí ń gbé inú rẹ̀,
àwọn ló ń sọ ìtọ̀ ẹja di ohun tí kò lè pa ẹja.
Ìmọ́tótó àṣejù ní í pa wọ́n.

Tiẹ̀ ńkọ́?
Ogún ọdún ní èbúté Àpápá,
ó fẹ̀yìn tì, ó ní oorun ò kun òun níbi tí òkun ò sí.
Ló bá gbé òkun wá sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà
nínú kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá,
pẹ̀lú òkúta oníhò tó ní òun náà ń mí,
àti ẹja aláwọ̀ òféèfèé kan tó sọ ní Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù,
torí gbogbo ohun tó bá kọjá ló ń yẹ̀ wò.

Apá fóòmù lásán ò ká òkun.
Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn àpótí rẹ̀ tó ń hó yẹ́ẹ́,
afẹ́fẹ́ ń po omi iyọ̀ bí ọṣẹ,
ìhó rúsúrúsú ń kún ife lókè,
ó ń rùn bí ọjà ẹja lọ́jọ́ òjò.
Mo ní kí n gbé irú rẹ̀ sí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín:
“Tìrẹ ò ní hó. Ìwà omi ò dọ́gba.
Iyọ̀ ló ń di ìhó mú.”

Mo ṣàṣìṣe kan nígbà tó lọ sí Ìpetu:
omi rẹ̀ fà, mo fi omi iyọ̀ dí i.
Ó dé, ó ki ìwọ̀n bọ̀ ọ́, ó dákẹ́ pẹ́.
“Omi ló ń lọ, àbúrò. Iyọ̀ kì í bá a lọ.
Omi kànga ni kí o máa fi dí i.”

Lóṣù Agẹmọ, iná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Àwọn ẹja tèmi ń yọ sókè, wọ́n ń mí, wọ́n ń padà sísàlẹ̀,
bí ẹni tó ti mọ Nẹ́pà tipẹ́.
Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.
Bọ̀ọ̀dá fa àpótí ìjókòó, ó mú kọ́ọ̀pù,
ó ń bu òkun, ó ń dà á padà láti òkè,
bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná tutù fọ́mọ.
Ààjìn jìn. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sùn lọ lórí ìjókòó, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.
Èmi ń bù, mo ń dà,
omi ń ta sí mi létè,
èmi tí n kò kọjá Ìbàdàn rí.
Mo fi ahọ́n kàn án.
Bí òkun ṣe rí lẹ́nu nìyẹn.