Ọ̀rọ̀ Tí A Pọ̀n Sẹ́yìn

Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́bàá kànga wa ní Ìjẹrù,
mo ń ṣa kóró kajú lórí àtẹ, fóònù ké.
Oyètóún ni, láti Tòrínò,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, tíṣà mi.

Ó ní, "Nonna, ẹ sọ ọ́: ti vedo."
Ti ni ìwọ, vedo ni mo rí.
Mo ní kí ló dé tí ìwọ fi ṣíwájú rí?
Ta ló ń jókòó kí wọ́n tó gbé àga?
Níbí, a ó kọ́kọ́ rí ná,
ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rí:
mo rí i, mo gbé e, mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n.
Ẹ wo bó ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀,
ohùn ìyá rẹ̀ ló fi ń sunkún.

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó yí fóònù sójú fèrèsé:
obìnrin kan ń kọjá lọ nínú òtútù,
ó so ọmọ jòjòló mọ́ àyà.
Háà.
Bí wọ́n ṣe ń gbé e náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣì bá a jà. Mo ní, dúró ná,
èmi ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Yín dà?
Ìyá rẹ̀ gba fóònù. Ó ní yín wà lọ́hùn-ún,
La ni wọ́n ń pè é,
dókítà ni wọ́n ń lò ó fún, àti ọlọ́pàá,
àti ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀.
Mo ronú títí. Mo ju kóró kan tó ti rà nù.
Mo ní kó máa wí ti rẹ̀ lọ.
Lẹ́nu tiwa, ti la fi ń mọ ẹni tó ni nǹkan.

(Mi nìkan ni kò yí padà.
Mi vedi? O rí mi?
Mi lọ́hùn-ún, mi níbí,
bóyá inú àpótí ìyá rẹ̀ ló bá dé ibẹ̀.)

Lónìí, ó kọ́ mi ní voglio vederti.
Mo fẹ́ rí ọ.
Mo wò ó, mo tún un wò:
ti ti kúrò níwájú,
ó ti bọ́ sẹ́yìn, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.
Mo bi í pé kí ló dé.
Ó ní òun ò mọ̀,
bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tí èèyàn bá ti ní mo fẹ́.

Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ìyá rẹ̀
ṣì wà níbi ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
N kò pọ̀n eléyìí rí.
Vederti, mo ní. Vederti.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.
Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún kajú.