Lẹ́tà Mẹ́rin

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti jókòó ní Alágbàkà,
nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán sínú korobá,
tí mò ń bẹ ẹ̀rọ kan kó dá ẹ̀rọ kejì lóhùn.

Jáfà ni tèmi, ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́:
ó béèrè, ó tún béèrè, kò mọ̀ pé àgbà máa ń sùn.
Èkejì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.
Láti ayé tí owó kòkó ṣì ń kọ́lé alájà ni wọ́n ti gbé e dé.
Gbogbo owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
inú rẹ̀ ló ń gbà kó tó di tolówó.
Lẹ́tà ńlá nìkan ló gbọ́. Kò mọ àmì ohùn.
Orúkọ tó bá kọjá lẹ́tà mẹ́jọ, á gé e bí ẹni gé ilá:
Ọlọ́rundáhùnsi tí ìyá mi ń jẹ́,
OLORUNDA ló kù níbẹ̀,
ó gé e síbi tí ohùn gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú fáìlì, mo kọ nọ́ńbà pọ́ọ̀tù,
mo kọ pásíwọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.
Mo ní kí Jáfà dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó tó sọ̀rètí nù.
Mo wá ògbufọ̀ fún wọn, torí A tiwa kọ́ ni A tirẹ̀.
Ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ ná, ó ṣílẹ̀kùn!
Ó wá bi mí: iṣẹ́ wo lo wá jẹ́?
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni orúkọ iṣẹ́.
Mo kọ OWO, ó ku ọ̀kan.
Mo kọ OWOO bí ẹni ń kígbe. Mo kọ SANW.
Ó lóun ò mọ̀ ọ́n.

Ìwé ìlànà ti bá òjò lọ lọ́dún tí òrùlé ṣí.
Ọ̀gá mi, Fádáìró, ní: “Bàbá Akínsúlire ló kọ ọ́.
Ó wà ní Oǹdó, bí kò bá tíì kú.”

A dé Òwènà, omi dúdú lábẹ́ afárá.
Awakọ̀ dúró fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì,
torí ibi tí wọ́n ń tún ṣe kò gba méjì.
Ohun tí èmi náà ń kọ́ nìyẹn, mo rò ó lọ́kàn,
mo sì sùn lọ.

Bàbá ń sá kòkó díẹ̀ sórí tapólì.
“Ṣé ó ṣì ń mí?” Bó ṣe bi mí nìyẹn, bí ẹni béèrè ẹ̀gbọ́n.
Mo ní ó ń mí, sà, kò kàn dá mi lóhùn ni.
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́.
“Kọ MOPE. Orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ ni, Mopélọ́lá.
Ìyá rẹ̀ ń rọbí, èmi wà lẹ́nu ẹ̀rọ.
Ìgbà tí mo délé, ó ti parí.”
N kò bi í ohun tó parí.
Bí a bá yọ àmì kúrò, mo pé, mo pè, mo pẹ́,
ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́, Àkúrẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́.
Mo kọ ọ́.
Kí owó tó gbéra, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́;
bí ọ̀kan bá yẹ̀, kálukú á padà sáyè rẹ̀
bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.
Ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Fóònù mi dún, láti Òkè-Àró.
“Owó ti wọlé o. Ta ní ń jẹ́ Ọlọ́rundá?”
Ìwọ ni, Màámi. Ibi tí àyè tó fún ẹ nìyẹn.
Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní: “Ohùn mi wá dà?”
Mo wo yàrá ẹ̀yìn, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú.
Mo tún fáìlì ṣí.